Ìwé fánákúlà dé Kétu

Ọjọ́rú: Ìbàdàn sí Àjàṣẹ́

Kò tíì tó aago márùn-ún ìdájí tí a ti dé gáréèjì. Mo di aṣọ, mo di oògùn ibà, mo di bisikíìtì fún àwọn ọmọ tí mi ò tíì mọ̀, mo wá gbàgbé ìwé tí mo fẹ́ máa kọ ìrìn-àjò yìí sí. Ìsọ̀ wo ló máa ṣí nírú àsìkò yẹn? Ìwé kan ṣoṣo tó wà nínú báàgì mi ni ìwé fánákúlà. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé fánákúlà, kó fara balẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan n'Íbàdàn. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé yìí, á sì san àádọ́ta náírà. Bó bá jẹ́ olùkọ́, ọgọ́rùn-ún ni. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé náà fún gbogbo ilé-ìwé, ó pé ọdún mẹ́ta báyìí, mi ò sì ní parọ́, mo mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Mo máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé kí n lè gbọ́ ohun tí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń sọ síra wọn. Orúkọ tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ló ti wọ ìwé ní táàmù yìí nìkan. Ọmọ náà kì í ṣe aláriwo, ó kàn máa ń ṣubú ṣáá ni. Bó bá sì ti ṣubú, "Yéè, ìyá mi o!" ló máa ń ké, èmi á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kétu là ń lọ, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìyá Ìbejì tó ń dirun ní iwájú ilé wa ló fẹ́ sin ìyá rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń gbé àdúgbò kan náà. "Ìyá Kùtọnu" ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣàlàyé títí pé òun kì í ṣe ará Kùtọnu. Yorùbá rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Èrò tèmi ni pé ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ ọ, tí kò tíì yanjú.

Ìsinmi àárín táàmù bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, mo tọrọ Ọjọ́rú àti Ajé mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí, mi ò sì tíì kúrò ní Nàìjíríà rí.

A gba Abẹ́òkúta já sí Sango Ọ̀tà, a wá kọrí sí Ìdìrókò. Ibodè yìí wà lára àwọn tí ìjọba tì pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà. Ìyá Ìbejì ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú àsìkò yẹn, orí fóònù nìkan lòun ti ń gbọ́ ohùn ìyá òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Okùn tí wọ́n na sójú ọ̀nà pọ̀. Mo ka okùn dé ogún, mo ṣíwọ́.

Nígbà tí a rékọjá sí Ìgolo, owó mi tó nípọn bí bíríkì di bébà sefa péréte. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ Faransé lórí fóònù nítorí ọjọ́ òní. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà wá bá wa. Zémijàn ni wọ́n ń pè wọ́n níbí, èdè Fọ̀n ni, ohun tó túmọ̀ sí ni "gbé mi kíákíá". Mo gbọn ẹ̀wù mi, mo ní, "Bonjour, monsieur." Ó wò mí. Ó wo Ìyá Ìbejì. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, màmá. Ṣé ara àǹtí yìí yá?"

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín láti Ìgolo dé Àjàṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀: Àjàṣẹ́ sí Kétu

Orúkọ mẹ́ta ni ìlú yìí ń jẹ́. Àjàṣẹ́ ni àwa ń pè é, Hogbonu ni àwọn Ègùn ń pè é, àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo. Òun ni olú-ìlú nínú ìwé, ṣùgbọ́n Kùtọnu ni ìjọba ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì mú mi lọ wo mọ́sálásí ńlá. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mú mi wá yìí. Ó ní mọ́sálásí ni. Mo ní kó wo ilé ìṣọ́ méjèèjì tó wà níwájú rẹ̀, kó wo iṣẹ́ ọnà tó wà lára ògiri, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì gbáà ni. Ó wá ṣàlàyé. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹrú tó ti Brazil padà wálé. Mùsùlùmí ni àwọn tó kọ́ èyí, wọ́n sì fẹ́ ilé Ọlọ́run tó lẹ́wà. Irú èyí tó lẹ́wà tí wọ́n rí ní Bahia ni ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n sì kọ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo ti rí ilé àwọn Àgùdà rí ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, mi ò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Àkàsà àti ẹja díndín la jẹ kí a tó wọkọ̀. Àkàsà wọn dára, ata wọn ni mi ò lè sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀nà Kétu gba Sakété àti Pobè kọjá. Ọ̀pẹ ló kún ibẹ̀, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìgò epo bẹntiróò wà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà bí ìgò oyin, epo Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní kpayo. Dẹ́rẹ́bà ní kò pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ láti oṣù karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin lọ́dọ̀ wa. Ohun tó gbàfiyèsí mi nínú ọkọ̀ ni ẹnu àwọn èrò. Obìnrin kan bá dẹ́rẹ́bà jà ní Faransé, ó yí sí Ègùn láti bá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó wá fi Yorùbá gbàdúrà nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ wọ kòtò. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹtì: Ọjà

Ọjọ́ ọjà bọ́ sí òní. Ìyá Ìbejì ń sáré kiri nítorí ìnáwó ọ̀la, ó ní kí n bá òun ra wàrà. Wàrà Fúlàní ni, èyí tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa láró títí tó fi pupa. Ìyá àgbà kan ló ń tà á. Mo bèèrè iye ọ̀kan.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin."

Òógùn bò mí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, lẹ́nu ìyá ìyá mi. Èmi àti àwọn ọmọ mi, àwọn ẹgbẹ́ mi pàápàá, bí a bá ti kọjá ogún, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ka owó, kódà nígbà tí a bá ń ná ọjà ní Yorùbá. Mo ṣa ẹgbẹ̀rin tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà jáde, mo fi ọgbọ́n ṣe é: igba lọ́nà mẹ́rin, 800. Mo ka 800 sefa lé e lọ́wọ́. Ó wo owó, ó wò mí, ó dá ọgọ́rùn-ún padà.

"Ọmọ mi, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni mo wí."

Ibi "ẹ̀ẹ́dẹ́" yẹn ni mo ti ṣìnà. Ọgọ́rùn-ún ti yọ kúrò nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀ta tí ọgọ́rùn-ún dín nínú rẹ̀, 500. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, 700. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, 900. Ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lú owó ẹyọ lórí àtẹ wàrà, ó ń tò ó, ó ń yọ ọ̀kan kúrò, bí a ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní pẹ̀lú ìdérí ìgò kóòkì.

Ó bèèrè iṣẹ́ mi. Mo ní olùkọ́ ni mí.

"Olùkọ́ kí ni?"

Mo ní gbogbo iṣẹ́. Ó ní títí kan ìṣirò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti sọ fún un. Mo gbé wàrà mi, mo sá.

Mo fi ọ̀sán yẹn rìn kiri ọjà, mo ń bèèrè iye nǹkan tí mi ò fẹ́ rà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ: igba mẹ́jọ dín ọgọ́rùn-ún, 1,500. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún: igba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 3,000. Orí mi gbóná bí ìgbà tí mo ń ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n mú mi lọ sí Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́. Ilé amọ̀ ni, ilẹ̀kùn wà níwájú, ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn, ẹni tó bá ń wọlé á kọ́kọ́ há sáàárín méjèèjì. Àmì yàrà tó yí ìlú ká ṣì wà. Bàbá tó mú wa kiri sọ pé ní 1886 ni ogun Dahomey fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Àgbómẹ̀, olú-ìlú wọn, Kétu sì dahoro títí di 1894, lẹ́yìn tí Faransé borí Béhanzin, ọba Dahomey, kí àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ ṣáájú ìgbà yẹn ti dé Bahia, ẹsìn Kandomblé tí wọ́n ń pè ní Ketu sì wà níbẹ̀ dòní olónìí. Bàbá náà ní àwọn kan máa ń ti Brazil wá, wọ́n á fọwọ́ kan ògiri yìí, wọ́n á sunkún. Mo bi í pé èdè wo ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ ọ́ lórin.

Àbámẹ́ta: Ìnáwó

A sin màmá. Aṣọ ẹbí, ìlù, ìyán, ẹran, owó níná. Ẹni tó bá ti jẹ ìnáwó n'Íbàdàn ti jẹ ti Kétu, àfi pé tiwọn kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń fọ́ni létí. Ẹnì kan fi igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ hàn mí ní ilé ẹ̀gbọ́n wọn, ère orí obìnrin tí ejò dì mọ́ gèlè rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mo sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní kí n má bẹ̀rù, UNESCO ti kéde rẹ̀ láti 2001 pé ohun iyì gbogbo ayé ni. Mo sún mọ́ ọn padà. Mo ń tijú báyìí pé orúkọ UNESCO ló fún mi láyà.

Àwọn ìyá tó ń ki òkú bi mí ní oríkì mi kí wọ́n lè kí mi dáadáa. Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá ìyá mi ti kú. Títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò ní orúkọ mìíràn.

Àìkú: Egungun

Mo fẹ́ kọ ti òní dáadáa.

Ọmọ àbúrò Ìyá Ìbejì kan wà nílé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, CM1, kíláàsì karùn-ún wọn, ló wà. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò. Ó ń ka ìbéèrè ní Faransé, ó ń ro ó ní Yorùbá lábẹ́lẹ̀, ó sì ń kọ ìdáhùn ní Faransé. Mo wò ó títí. Mo bi í pé ṣé tíṣà wọn kì í fìyà jẹ ẹni tó bá sọ Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí tíṣà, ẹ ò gbọ́ nípa sínyáàlì rí?"

Èrò mi láti ìgbà tí mo ti dé ni pé àwọn ará ibí kò ní irú tiwa. Àṣé tiwọn ló ṣáájú. Láyé Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀, Faransé lọ, ó kù sílẹ̀. Ní ilé-ìwé tí Ìyá Ìbejì lọ, egungun ẹran ni. Wọ́n lu ihò sí i, wọ́n fi okùn bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ Yorùbá láàárọ̀, tíṣà á fi kọ́ ọ lọ́rùn. Onítọ̀hún á wá máa dọdẹ ẹlòmíì. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ ló máa bọ́ ọ fún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti ọrùn bọ́ sí ọrùn títí agogo ìrọ̀lẹ́ á fi lù. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà ni wọ́n máa nà.

"Ó ń rùn," ló wí. "Ṣùgbọ́n òórùn yẹn kọ́ ni mo rántí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ilé wa kan ara. Ó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, agogo ti fẹ́ lù. Ó gba ẹ̀yìn mi wá, ó fa irun mi, ó fà á títí mo fi ké 'Yéè, ìyá mi o!' Ó bọ́ ọ, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Àwa méjèèjì jọ ń sunkún."

Ọmọ tó ń ṣe ìṣirò dáwọ́ dúró.

Ìyá Ìbejì ní ṣé mo rántí ọjọ́ tí mo mú ìwé mi wá sí ṣọ́ọ̀bù òun. Mo rántí. Ìwé náà ṣì tuntun nígbà náà, Màdáámù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́, mo lọ fi í yangàn. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó ń bá mi yọ̀.

"Mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ," ló ní. "Ẹ ti pe ara yín ní olùkọ́, èmi sì ni Ìyá Kùtọnu."

Ó gbé àwo rẹ̀, ó wọlé. Kò bínú, ìyẹn ló burú níbẹ̀.

Mo tan iná fóònù, mo ṣí ìwé yìí láti iwájú. Mo gbìyànjú láti ka orúkọ inú rẹ̀ ní Yorùbá. Mo dé àádóje, mo ṣìkà, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ajé: Ìmẹ̀kọ, Abẹ́òkúta, ilé

Ìyá Ìbejì dúró di ìjọ́ kẹjọ, èmi nìkan ni mò ń padà. Ó ní kí n gba Ìlàrá, kí n yé gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ bí ẹni tó sọnù. Òótọ́ ló sọ, ọ̀nà náà yá jù. Ìlàrá wà ní Benin, Ìlàrá wà ní Nàìjíríà, ìlú kan náà ni. Oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fa ìlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó ti wà lábẹ́ Aláketu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan gba ìwé, èkejì gba egungun.

Ní Ìmẹ̀kọ, èrò tó wọ súùtánà funfun kún ọkọ̀ wa. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Wòlíì Oschoffa sí ní 1985, ẹni tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́sítíà sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947. Mo ti ń gbọ́ orúkọ Ìmẹ̀kọ láti kékeré lẹ́nu àwọn ará ìjọ náà, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ Kétu ni wọ́n ń lọ.

Láti Ayétòrò dé Abẹ́òkúta, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti gba NCE, wọ́n kọ́ wa nípa iṣẹ́ ọdún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìbéèrè ìdánwò ni fún wa. Mo gba méjìdínlógún nínú ogún.

Mo délé lálẹ́. Àbígbẹ̀yìn mi sáré pàdé mi, "Mummy, welcome!" Mo ní kó kí mi dáadáa. Ó wò mí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mummy." A ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun: Ilé-ìwé

Mi ò kọ orúkọ kankan lónìí. Nígbà ìsinmi ráńpẹ́, ọmọ ìyá elélùbọ́ sá eré, ó sì ṣubú bó ṣe máa ń ṣubú. "Yéè, ìyá mi o!" Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu ló ń bò.

Mo gbé e dìde. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, jẹ́ kí n wò ó."

Màdáámù wà lórí bálíkónì. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè pé níbo ni ìwé wà.

"Ó wà lọ́wọ́ mi, mà."

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè pé kí ló ṣe mí.

"Mo lọ sí Kétu ni, mà."

Ó gba ìwé, ó ṣí i, ó rí i pé òfìfo ni ojú-ewé òní. Ó yí i padà, ó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ṣé èmi ni mo kọ gbogbo èyí sínú ìwé ilé-ìwé.

"Èmi ni, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."

Ó pa ìwé dé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyẹn, mo sì mọ iye tí olùkọ́ ń san. Mo mú pọ́ọ̀sì mi jáde, mo fi owó méjì sórí tábìlì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Igba. Irinwó."

Ó ní ó ti di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo wá ọgọ́rùn-ún kan sí i, mo fi lé e. Èyí nìkan ni mi ò kà síta.